Òótọ́ àbí irọ́? Nígbà tí olólùfẹ́ àtijọ́ bá tún kan ilẹ̀kùn

Ní Agbowa, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó kárí ìlú. Bí obìnrin tó ti ń gbé ìgboro Èkó láti ọjọ́ pípẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Itoikin, tó bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, tí ọkùnrin tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá sì dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà, kí ọ̀kadà náà tó dé etí omi, àwọn tó ń yan ẹja ti gbọ́. Kó tó di alẹ́, ìtàn náà ti di mẹ́ta. Àwọn kan á ní ìfẹ́ ìgbà èwe ló tún jí. Àwọn mìíràn á ní ṣé ẹ ti gbàgbé pé bàbá ọmọ yẹn ló fàáké kọ́rí nígbà náà ni. Ẹni kẹta á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní oògùn ni ọkùnrin yẹn lò.

Ìlú etí ọ̀sà ni Agbowa, lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsì-Ejìnrìn, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ó sì pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tibẹ̀ jáde lọ wá ọjọ́ iwájú. Ẹni tó fẹ́ ṣe tíṣà á kọrí sí Noforija ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1994, kó tó di ara yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2022. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ á lọ sí Pólì Ìkòròdú, tí òun náà di yunifásítì lọ́dún kan náà. Ẹni tí kò rówó ìwé san á lọ kọ́ṣẹ́ ní Mushin tàbí Kétu. Ibẹ̀ ni ọ̀nà olólùfẹ́ méjì ti máa ń yà. Iléyá, Kérésì àti òkú àgbà ló ń kó wọn padà wálé, nígbà tí ewú ti yọ lórí, tí ọ̀kan ti di opó, tí èkejì sì ti kọ ìyàwó.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀. Òmíràn dára, òmíràn lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, òmíràn sì lè gbẹ̀mí ẹni. A kó mẹ́jọ jọ síbí, ká lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn.

1. «Ìfẹ́ àkọ́kọ́ kì í kú»

Òótọ́ díẹ̀, irọ́ díẹ̀.

Ohun tí kì í kú ni ìrántí rẹ̀. Lọ́dún 1986, David Rubin, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá ní kí àgbàlagbà máa ka ohun tó rántí nínú ayé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn ti rí irú rẹ̀ léraléra láti ìgbà náà. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mọ ìfẹ́. Abájọ tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún fi lè gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí láàárọ̀ yìí, kó sì rántí àwọ̀ ìró tí ọmọbìnrin kan ró lọ́jọ́ ìdíje eré sísá ilé ìwé. Ẹni tó ní oògùn ni, kò tíì mọ agbára ìrántí.

Àmọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ìrántí ń gbé wá bá yín. Ẹni tó jókòó síwájú yín ti tọ́ ọmọ, ó ti jẹ gbèsè, ó ti sin òbí, ó sì ti kọ́ ìwà tí ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ọ. Orúkọ rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀ dájú. Kí ẹ ṣe é bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé: ẹ bi í léèrè, ẹ wo bó ṣe ń ná owó, ẹ wo bó ṣe ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ tó bá jẹ́ ojúlówó kò ní sá fún ìyẹn.

2. «Okùn tó já, bí a bá tún un so, kókó ni yóò ní»

Ó kù síbi ohun tó já a.

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Nancy Kalish, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California ní Sacramento. Láti ọdún 1993 ló ti ń kó ìtàn àwọn tó padà sọ́dọ̀ olólùfẹ́ àtijọ́ jọ, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1997. Nínú èèyàn tó lé ní 1,000 tó dá a lóhùn, nǹkan bí 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà pọ̀ lásìkò tó bi wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yà, àtakò òbí sì wà lára ohun tó yà wọ́n.

Ẹ má tíì lu ìlù. Àwọn tó fúnra wọn yọjú ni Kalish fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹni tí tirẹ̀ bá sì bàjẹ́ kì í sábà yọjú wá ròyìn. Nígbà tó tún ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn tí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbòde, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá pàdé ló ti wà nílé ọkọ tàbí tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó sílé. Ìkíni lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di àlè mọ́ wọn lọ́wọ́. Obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí alátìlẹ́yìn ìfẹ́ àtijọ́ wá di ẹni tó ń kìlọ̀ fún àwọn abilékọ àti àwọn ọkùnrin tó ti gbéyàwó pé kí wọ́n má wá olólùfẹ́ ìgbà èwe kiri.

Ìwádìí kejì yàtọ̀. Lọ́dún 2013, Sarah Halpern-Meekin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́dún 17 sí 24 ní Toledo, ní Ìpínlẹ̀ Ohio. Nínú àwọn tó ti ní olólùfẹ́ láàárín ọdún méjì ṣáájú, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan tí wọ́n tún padà sọ́dọ̀ ẹni náà. Àwọn tó ń yà tí wọ́n tún ń padà yìí sọ̀rọ̀ ìjà aláfọwọ́kàn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn yòókù.

Ìwádìí méjèèjì kò tako ara wọn. Ní ti àwọn ará ìwé Kalish, ọwọ́ ẹlòmíràn ló pọ̀ nínú ohun tó tú wọn ká, ọdún sì ti gorí ọdún kí wọ́n tó tún ríra. Ní ti àwọn ọmọ Toledo, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tú ara wọn ká, wọ́n sì ń padà kí ohun tó fa ìjà tó yanjú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ nígbà àkọ́kọ́ ni kí olólùfẹ́ àtijọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn gbajúmọ̀ náà ti tọ́ ọ wò. Elizabeth Taylor àti Richard Burton, òṣèré méjì tí ìgbéyàwó wọn lọ́dún 1964 mi ayé tìtì, kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1974. Lóṣù kẹwàá ọdún 1975, wọ́n wá sí ilẹ̀ Botswana, wọ́n tún fẹ́ra. Kò pé ọdún kan tó tún fi tú, nítorí ọtí àti ariwo tó tú èkíní ká bá wọn rìnrìn àjò dé Botswana. Charles, tó ti di ọba Gẹ̀ẹ́sì báyìí, àti Camilla pàdé níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kálukú fẹ́ ẹlòmíràn, kálukú sì kọ ẹni tó fẹ́, kí wọ́n tó wá ṣègbéyàwó lóṣù kẹrin ọdún 2005. Wọ́n ṣì wà pọ̀. Nílé níbí, Davido olórin, ọmọ Adélékè ará Ẹdẹ, àti Chioma mọra nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Wọ́n ṣe àdéhùn ìgbéyàwó lọ́dún 2019, ìròyìn pé wọ́n ti yà gba ìgboro kan lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2024, aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ló kún ibi ìgbéyàwó wọn ní Èkó.

3. «Ẹ̀jẹ̀ wa kò bára mu nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti yí padà báyìí»

Irọ́.

Ìwé pélébé kan láti lábù ti tú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ká ní ilẹ̀ wa: jẹ́nótáìpù AS òun AS. Ọ̀rọ̀ náà sì tóbi lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní S kan lára, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn sickle cell (SS).

Bí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá tún pàdé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ìtàn máa ń yí padà. Ọ̀kan á ní òun mu àgbo, òmíràn á ní òun tún àyẹ̀wò ṣe, AA ló jáde. Jẹ́nótáìpù ti wà lára ọmọ kí wọ́n tó bí i: ìyá fi ẹyọ kan sílẹ̀, bàbá fi ẹyọ kan sílẹ̀. Oúnjẹ kò lè yí i padà, àgbo kò lè yí i padà, ọjọ́ orí kò sì lè yí i padà. Ìtọ́jú tí wọ́n fi ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun lè yí ohun tó ń jáde nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ẹni náà máa fún ọmọ rẹ̀ kò yí padà.

Kí ló wá dé tí èsì fi máa ń yàtọ̀? Ẹ jẹ́ ká wọ inú lábù. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á fọ̀ ọ́, á tú u di omi pupa, á kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ́ bébà náà sórí àpótí kékeré tí omi kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, á sì tan iná mọ̀nàmọ́ná sí i. Iná á máa wọ́ àwọ̀ pupa náà lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ A máa ń yá ẹsẹ̀ ju ti S lọ. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ AA á ti ní ilà kan níwájú, SS á ní ilà kan lẹ́yìn, AS á sì ní ilà méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lábù tó mọṣẹ́ máa ń kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí, kí wọ́n lè fi wé e.

Ibi tí irọ́ ti ń wọlé nìyí. Bí wọn kò bá kán ẹ̀jẹ̀ àfiwé, bí iná bá lọ láàárín kan, bí wọ́n bá pààrọ̀ orúkọ lára ìgò, tàbí bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ẹni náà lára láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú, ìwé lè sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Nítorí náà, ẹni tí èsì rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ló ṣìnà. Kó lọ tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sọ fún wọn bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí.

Irọ́ mìíràn tún rọ̀ mọ́ èyí: pé tí AS méjì bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan péré ni yóò jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá lóyún, ọ̀nà kan ló wà nínú mẹ́rin pé ọmọ á jẹ́ SS, méjì nínú mẹ́rin pé á jẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin pé á jẹ́ AA. Oyún kejì kò bi oyún àkọ́kọ́ léèrè ohun tó mú. Àwọn kan bí mẹ́ta tí gbogbo wọn yè kooro, àwọn mìíràn bí méjì tí méjèèjì ń jẹ ìrora eegun.

4. «A ò tún bímọ mọ́, kí la tún ń ṣàyẹ̀wò fún?»

Òótọ́ ní ti jẹ́nótáìpù, irọ́ ní ti ìyókù.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbí fún àwọn AS tó yà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kálukú ti bímọ níbòmíràn, tí wọ́n sì tún ríra nígbà tí wọ́n ti di ẹni ọgọ́ta ọdún. Bí ọmọ bíbí bá ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, AS òun AS kò ní ohun kankan láti bẹ̀rù. Ohun tó yà wọ́n ti kọjá lọ ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí obìnrin má ṣe sọ pé òun ti kọjá ọmọ bíbí nítorí pé nǹkan oṣù òun ń ṣe ségesège. Ó dìgbà tó bá pé oṣù méjìlá gbáko tí kò rí i kí àwọn dókítà tó gbà pé ó ti dáwọ́ dúró. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lè lóyún lójijì.

Èyí tó léwu jù ni gbólóhùn pé «ẹni tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni». Ẹ mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ẹ kò mọ ibi tí ogún ọdún àárín gbé e gbà. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kéde lọ́dún 2019 fi hàn pé 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní kòkòrò HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ irú B náà sì wà káàkiri. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ dé Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Agbowa fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì ní HIV, ìfẹ́ kò tán síbẹ̀: ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá bá a sùn.

5. «Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí a ti yà, ìgbéyàwó yẹn ti tú fúnra rẹ̀»

Irọ́ pátápátá, bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù.

Èyí ló máa ń kó àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ sí wàhálà jù. Ọkùnrin ti fi ìyàwó sílẹ̀ ní Mushin láti ọdún 2009, ó dé Agbowa, ó rí ẹni ìgbà èwe rẹ̀, ó ní òun kò níyàwó. Ní tiẹ̀, ìgbéyàwó ti tán. Lójú òfin, ó ṣì wà digbí.

Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní rejísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gba ìwé àṣẹ, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u, lábẹ́ òfin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Ìdí kan ṣoṣo ni òfin náà mọ̀: pé ìgbéyàwó ọ̀hún ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọdún méjì tí wọ́n ti yà, bí èkejì kò bá ta ko títú rẹ̀, tàbí ọdún mẹ́ta bó tilẹ̀ ta kò ó, wà lára ẹ̀rí tí adájọ́ lè gbà. Ẹ̀rí ni ọdún wọ̀nyẹn. Wọn kì í tú nǹkan kan fúnra wọn. Bí adájọ́ bá sì ti sọ̀rọ̀, àṣẹ àkọ́kọ́ ló fún un. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí àṣẹ náà tó di èyí tó rinlẹ̀, kí wọ́n tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ti ṣe ti kóòtù, tí kò tú u, tó wá lọ ṣe ìdána pẹ̀lú ẹlòmíràn, Òfin Ìgbéyàwó ti la ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sílẹ̀ fún un.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan yàtọ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u, ìdílé méjèèjì náà sì lè pàdé kí wọ́n dá owó orí padà. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ìwé wà.

Ẹ̀gbẹ́ mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Bó bá jẹ́ pé tọkọtaya tó yà gan-an ló ń padà sọ́dọ̀ ara wọn, òfin wà lẹ́yìn wọn. Ó pa á láṣẹ fún adájọ́ láti máa wò ó bóyá wọ́n ṣì lè parí ìjà. Bí kóòtù kò bá tíì tú ìgbéyàwó wọn, kí wọ́n kẹ́rù wọn padà sílé, ó parí. Bó bá sì ti tú u tán, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má tún fẹ́ra lákọ̀tun.

6. «Mùsùlùmí tó bá ti kọ ìyàwó rẹ̀ kò lè gbà á padà láéláé»

Irọ́, ṣùgbọ́n ààlà wà.

Kùránì, pàápàá Súrátúl Bákárà láti ẹsẹ 228 lọ, ti là á lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ẹlẹ́ẹ̀kejì, obìnrin máa ń dúró fún nǹkan oṣù mẹ́ta, tàbí títí tó fi máa bímọ bó bá lóyún. Láàárín ìdúró yẹn, ọkọ lè gbà á padà láìsí yìgì tuntun, bí àtúnṣe bá jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀. Bí àsìkò náà bá ti kọjá, wọ́n lè padà pẹ̀lú yìgì tuntun, sọ̀dáàkì tuntun àti ìyọ̀ǹda obìnrin náà.

Ìkọ̀sílẹ̀ kẹta ni ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tún lè fẹ́ ẹ àfi bí obìnrin náà bá fẹ́ ọkùnrin mìíràn ní tòótọ́, tí ìgbéyàwó yẹn náà sì parí nípa ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ fọgbọ́n ṣe é, wọ́n á wá ẹni tí yóò fẹ́ ẹ lónìí tí yóò kọ̀ ọ́ lọ́la. Hádíísì gégùn-ún fún ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ní ti opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹsẹ 235 gba ọkùnrin láyè láti fi èrò rẹ̀ pòwe, kò gbà á láyè láti so yìgì kí ọjọ́ tó pé. Kí ọkùnrin tó gbọ́ láàárọ̀ pé ọkọ ẹni ìgbà èwe òun ti kú, tó sì ti wọkọ̀ ní Ìkòròdú ká tó kírun ọ̀sán, ṣe sùúrù díẹ̀.

Ìjọ Kátólíìkì ní tiwọn kò ka títú tí kóòtù bá tú ìgbéyàwó sí òpin rẹ̀. Tọkọtaya wọn tó bá tún padà, ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n ti jẹ́ látìgbà náà.

7. «A ti dàgbà, ọ̀rọ̀ ìdílé kò kàn wá mọ́»

Òótọ́ lójú òfin, irọ́ lójú ìlú.

Òfin Ìgbéyàwó kò béèrè ìwé ìyọ̀ǹda òbí lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni àádọ́ta ọdún lè wọ rejísírì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ẹbí bá ẹbí tan dé ìdí, ẹni tó bá fò wọlé láìkanlẹ̀kùn á máa gbé pẹ̀lú ìkùnsínú.

Bí bàbá tó kọ̀ nígbà náà bá ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Kì í ṣe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló máa lọ. Àgbàlagbà tí òun àti bàbá jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni kó ṣíwájú. Àgbà yẹn á dọ̀bálẹ̀, á ní «Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ o», á sì bi í ní ohun tí kò sẹ́ni tó láyà láti bi í lọ́jọ́sí: kí lẹ rí? Nígbà mìíràn, àríyànjiyàn ilẹ̀ tó ti parí láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀sìn ni. Nígbà mìíràn sì rèé, àgbà náà mọ̀ pé ìdílé méjèèjì jọ pín bàbá ńlá, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ létí ọmọdé. Ẹ gbọ́ ìdí kí ẹ tó bínú.

Àwọn tó tún le ju bàbá lọ báyìí ni àwọn ọmọ. Ọmọ tó ti níyàwó lè máa bẹ̀rù pé obìnrin tuntun fẹ́ gba ilé bàbá òun. Kí obìnrin náà sì mọ ibi tó dúró sí: nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu lọ́dún 1957, ilé ẹjọ́ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé, pé ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti bu ẹnu àtẹ́ lu lílé opó jáde nínú ẹjọ́ kan láti ilẹ̀ Ígbò lọ́dún 2014, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de kóòtù. Kí ọkọ kọ ìwé ìhágún. Ilé ti àwọn ọmọ, kó wà fún àwọn ọmọ; ohun tí òun àti ìyàwó bá jọ rà, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀. Bí èyí bá ti yanjú, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dá aṣọ ẹbí.

8. «Àgbà ti dé sí i, kò ní nà mí mọ́»

Irọ́ tó léwu jù nínú gbogbo wọn.

Ìwádìí ìlera ìdílé ti Nàìjíríà tọdún 2018 fi hàn pé 31 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ti rí lílù látìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin nítorí ìgbátí, ohun tó yà wọ́n kò jọ ti AS òun AS, kò sì jọ ti bàbá tó fàáké kọ́rí. Inú ọkùnrin náà ló wà, ó sì lè bá a dàgbà. Ewú orí kì í wo ọwọ́ líle sàn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yí padà, ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń sọ ìtàn náà. Ẹni tó ti yí padà á ní «Mo lù ọ́, mo ṣe ọ́ níbi», á sì lè sọ ohun tó ti ṣe láti dẹ́kun rẹ̀. Ẹni tí kò tíì yí padà á ní «Ìwọ lo mú mi bínú nígbà yẹn», tàbí «Èṣù ni». Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lẹ́yìn yín. Agbowa kò tóbi, ẹ ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lu èèyàn jìnnà sí i. Àjọ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ lórí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́: 08000 333 333. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde kí ẹ tó pè é.

Kí olólùfẹ́ àtijọ́ wá ṣe?

Nínú gbogbo mẹ́jọ yìí, ìbéèrè kan ló ń padà: kí ló yà yín nígbà náà, ṣé ó ṣì wà? Àtakò òbí lè kú tàbí kó rọ̀. Àìríṣẹ́ lè dópin. Ìrìn àjò lè parí. AS òun AS á dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní ní ohun tí yóò bàjẹ́ mọ́. Irọ́ pípa, àgbèrè àti ọwọ́ líle ní tiwọn, ara ènìyàn ni wọ́n ń gbé, ibi tí ẹni náà bá lọ ni wọ́n ń bá a lọ, àfi bó bá fúnra rẹ̀ lé wọn jáde.

Bí ohun tó yà yín bá ti kọjá, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ yanjú ìwé tó bá wà ní kóòtù, ẹ ránṣẹ́ sílé, kí ẹ sì múra ìdána. Bó bá ṣì wà, ẹ kí ara yín tẹ̀ríntẹ̀rín, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.